Fíìmù Tí Wọ́n Ti Yìnbọn Pa Ìyá Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó lẹ́tà gbé àpò kan wá fún mi lónìí. Àpótí dúdú kékeré kan wà nínú rẹ̀, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, àti lẹ́tà láti ọwọ́ Philippa, òyìnbó tó ń bá wọn tọ́jú fíìmù àtijọ́ ní Canberra, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ó ní àwọn ti fọ fíìmù tí wọ́n yà ní oko màlúù Corrigan lọ́dún 1957 mọ́, pé ó ń dán báyìí, òun ló wà nínú àpótí yẹn, wọ́n sì fẹ́ fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri orílẹ̀-èdè nínú oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi ojú Ìyá Màmá, tó ṣeré nínú rẹ̀, hàn àyàfi bí ìdílé bá fọwọ́ sí i. Kí á sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí oṣù Keje tó parí.

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àfi bí ẹni pé ó ń bi wá bóyá a máa mu tíì.

Mo ka lẹ́tà náà fún Màmá nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Mo fẹ́ rí ìyá mi kí n tó kú." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí.

A ò ní fọ́tò kankan. Nígbà tí obìnrin náà kú, wọ́n sun gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, orúkọ rẹ̀ sì kúrò lẹ́nu wa títí dòní. Èmi náà ò ní kọ ọ́ síbí.

Tòmátò mẹ́rin, dọ́là mẹ́sàn-án. Mo dá a padà sórí àtẹ. Atẹ́gùn tutù, eruku ń wọ ilé láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Bàbá Clarry wá. Àbúrò Màmá ni. Òun ni ọmọ ọwọ́ tí obìnrin náà gbé sí ìbàdí nínú fíìmù yẹn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìyá wọn kú, kò sì rántí ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lónìí, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun àti ikùn ńlá, kò ní gbà pé ẹnì kan gbé e rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òkú sinmi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń sinmi?"

"Ojú ẹni tó ti lọ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé á jókòó tì, tí wọ́n á máa wò."

"Ìwọ ò rí i rí, Clarry. Èmi rí i, mo sì ti ń gbàgbé imú rẹ̀. Mo ṣì rántí ojú, mo rántí ẹnu. Imú ti lọ."

Bàbá Clarry fi ọ̀pá rẹ̀ fa ilẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣí nǹkan yẹn kí n tó sọ pé ó yá."

Èmi ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ̀ mí dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Mo ti ṣí i.

Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo sọ fún ara mi pé Philippa ní kí ẹnì kan bá òun wo àwọn tó wà lẹ́yìn nínú fíìmù, kó sọ ìdílé tí wọ́n ti wá. Irọ́ ni. Ojú ló ń yún mi. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo ti ilẹ̀kùn yàrá tí a ń kó ìwé sí ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo so àpótí yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà, mo jókòó sórí páálí bébà.

Eré àwọn ẹlẹ́ṣin ni. Ọlọ́pàá òyìnbó kan tó lẹ́wà ń lépa àwọn èèyàn wa, àwa dúdú onílẹ̀, nínú òkè, nítorí wọ́n pa màlúù. Ẹni tó ṣe olórí wa, òyìnbó ni òun náà, wọ́n fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀. Tó bá ṣíjú, búlúù ni ojú ẹ̀. Ọkùnrin kan tí a ò rí sì ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti jẹun yó, ó ń sọ ohun tí a ń rò lọ́kàn. Àwọn èèyàn wa gan-an ń kọjá lẹ́yìn. Mo rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí gbogbo ìdílé Dixon àdúgbò wa ṣe ń rìn títí dòní, ẹsẹ̀ òsì síta, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ló yọ. Ó gbé ọmọ sí ìbàdí, ó dúró, ó sì wo inú kámẹ́rà. Ìdúró Shanelle ọmọ mi ni, ìdúró yẹn gan-an, bí ẹni tó ń retí kí o parí irọ́ tó ò ń pa. Ó wò mí, ó gbé ojú kúrò.

Wọ́n yìn ín níbọn lẹ́bàá omi. Ó gbé ọmọ sílẹ̀ kó tó ṣubú. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré wá, ó dà bò ó mọ́lẹ̀, ó ń ké. Màmá ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ètè obìnrin náà ń mì, ọkùnrin olóhùn dídùn yẹn sì ní: "Pẹ̀lú èémí ìkẹyìn, obìnrin igbó náà gégùn-ún fún òyìnbó àti fún ọmọ òyìnbó."

Agogo ilé ẹ̀kọ́ lù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Mo gbójú sókè nínú balùwẹ̀ láàárọ̀, mo rí obìnrin náà nínú dígí. Èmi ni. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé èmi ni.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Màmá ti ẹ̀rọ dé, mo ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí ìjókòó kan.

"O ti wò ó."

Mo ní rárá.

"Noreen, àádọ́ta ọdún ni mo ti ń wo ojú ẹ. Kí ló wọ̀?"

Mo ní aṣọ àkísà kan ni, tí etí rẹ̀ ti ya.

"Àwọn òyìnbó yẹn ló ya á. Ó ní aṣọ gidi, aṣọ aláwọ̀ ewé tí ìyàwó olóko fún un. Ó wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi omi pa irun. Wọ́n ní kó lọ bọ́ ọ, pé kò jọ èèyàn inú igbó." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Pọ́líìṣì ńkọ́, ṣé o rí i?"

Mo ní mo rí i.

"Tó bá ti làágùn báyìí, funfun á yọ lọ́rùn. Àwa ọmọdé á máa tẹ̀ lé e kiri láti wo ibi tó tún máa bó. Ọjọ́ kan ló fọwọ́ pa Clarry lórí, gbogbo dúdú ọwọ́ rẹ̀ sì ràn mọ́ ọmọ lórí. Ìyá mi ní, 'Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí ń kun ọmọ mi. Ṣé èyí tí mo bí ò dúdú tó ni?'"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó bi mí nípa imú, mo sì sọ fún un pé irú tirẹ̀ gan-an ni. Ó fọwọ́ kàn án. Kò bi mí nípa ìbọn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Shanelle pé mo ti wo fíìmù náà. Shanelle sọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Kí n tó ra mílíìkì tán ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Clarry.

Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, kò wọlé. Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo.

"Èmi ló gbé sí ìbàdí. Tí ojú kan bá máa kọ́kọ́ bà lé e, tèmi ni. Ìwọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà, o ṣíwájú mi lọ rí ìyá mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

"Ṣé ó lẹ́wà?"

Bí mo bá sọ ọ́, mo tún jí nǹkan kan mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé ajá kúrò lọ́nà, ó sì lọ. Ojú tì mí dé ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ karùn-ún tí Bàbá Clarry kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá ẹni tó wà níwájú mi àti ẹni tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀. Ìrù kangarúù tí a máa ń sun jẹ ti di dọ́là méjìdínlógún.

Àwọn ọmọ mẹ́jọ ń ṣe ọlọ́pàá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mo bi wọ́n pé ta ni olè. Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbà. Wọ́n wá fi ajá ṣe olè, ajá ò mọ̀, ó ń ju ìrù. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Shanelle nígbà tó ń wo eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní, "Mọ́mì, òfin kan ṣoṣo ló wà. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wa nínú eré, ẹ má fẹ́ràn ẹ̀ jù. Kò ní pẹ́ kú."

"Èyí tí ò ń wò yìí ńkọ́? Ṣebí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ọmọ wa ni."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń wò ó. Mo ti wo apá kejì lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ta ni wọ́n pa níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tí wọ́n pa. Ó jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń mu tíì. Wọ́n jẹ́ kó mu ún tán."

Mo jókòó tì í. A wò ó pa pọ̀. Lóòótọ́ ni, ó mu tíì náà tán.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Ìrì dídì lórí koríko láàárọ̀. Mo bá Màmá lọ síbi ẹ̀rọ, nítorí nọ́ọ̀sì kò tó. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wákàtí kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wò mí, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí nínú rọ́bà. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Wọn ò sọ fún mi pé eré ni. Gbogbo àgbà ló mọ̀. Òyìnbó tó ń darí wọn ní kí wọ́n má sọ fún ọmọ yìí, ó fẹ́ ẹkún gidi. Mo gbọ́ ìbọn, mo rí ìyá mi tó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ láyà. Mo sáré. Mo pè é, pè é, pè é. Ó dùbúlẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ó jẹ́ kí n máa sunkún bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí òyìnbó pariwo pé ó tó ni ó tó dìde jókòó, ó ń nu àyà. Mo bù ú jẹ lápá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, àwọn àgbà ń ké, wọ́n ń fi òkúta lu orí ara wọn láti ṣọ̀fọ̀. Èmi ò ké. Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń dúró kó dìde."

Nọ́ọ̀sì wá wo ẹ̀rọ, ó lọ. Mo rò pé ó ti parí.

"Ọdún kejì, wọ́n ń fi fíìmù hàn nílùú ní alaalẹ́ Sátidé, ní ìta gbangba. Àwọn òyìnbó lórí àga lẹ́yìn okùn, àwa nílẹ̀ níwájú. O mọ̀ pé ti àwọn ẹlẹ́ṣin là ń ṣe nígbà gbogbo. A kì í ṣe ti àwọn tó ń sá. Ta ló fẹ́ ṣe ti ẹni tí wọ́n máa pa? Tí ẹṣin bá ti yọ báyìí, a ó dìde, a ó máa pariwo, 'Ẹ yìn wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ.' Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé fíìmù tiwa ni wọ́n gbé wá. Ẹṣin yọ. Mo dìde. Mo rí obìnrin kan tó gbé ọmọ, tó ń sá lẹ́bàá omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Mo pariwo, 'Ẹ yìn ín. Ẹ yìn ín.' Ó yíjú sẹ́yìn."

Ó gbé ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ sójú.

"Wọ́n sì yìn ín. Mo ní kí wọ́n yìn ín, Noreen, wọ́n sì yìn ín."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Ó ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan bàbá mi. Ìdí tí ó fi fẹ́ rí ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbádùn ojú rẹ̀. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

N ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Ìfúnpá Màmá já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ lánàá, ojú rẹ̀ yí. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Alice. Wọn ò rí àyè fún mi. Dókítà pè mí lórí fóònù, ọmọdé ni bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní ọkàn Màmá ti rẹ̀, kí a má ka ọdún mọ́.

Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń gbálẹ̀. Tí mo bá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, tó gbé ọmọ dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Màmá ti padà dé. Ó ti fọn. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Clarry ńkọ́?" Mo ní kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní, "Kó yára rò ó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Philippa pè. Ó ní àwọn rí téèpù kan nínú agolo, ohùn tí wọ́n gbà níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà gan-an, kí wọ́n tó lọ fi ohùn ọkùnrin yẹn bò ó nílùú ńlá.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé kò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀ rárá. Ìró ẹṣin wà, ẹkún ọmọ wà. Lẹ́yìn ìbọn, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ò gbọ́ èdè yín, Noreen. Ṣùgbọ́n kò dà bí èpè létí mi."

Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Mo sáré lọ bá Shanelle, mo ní kó gbà á sínú àpótí kékeré, kó pa ohùn rẹ̀ pátápátá bó ṣe ń ṣe é, kó má fetí kàn án. Ó wojú mi, kò bá mi jiyàn.

Mo gbé e lọ sílé Bàbá Clarry. Kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Mo gbé àpótí náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohùn ìyá yín wà nínú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ni ín." Mo fẹ̀yìn rìn jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

Mo ń yọ búrẹ́dì kúrò nínú eérú nígbà tí Bàbá Clarry jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Oṣù kan gbáko kọjá láàárín wa.

"Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo gbé e sí. Ọjọ́ márùn-ún."

Mo gé búrẹ́dì fún un. Ó gbà á.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Noreen."

"Ẹ̀rù òkú?"

"Rárá o. Gbogbo ayé mi ni mo fi wo fíìmù ẹlẹ́ṣin. Tí wọ́n bá yìnbọn fún wa níbẹ̀, tí a bá ń já bọ́ lórí òkè bí èso, mo máa ń jẹ ẹ̀pà mi lọ ni. Kò dùn mí rí. Ó ti mọ́ mi lára." Ó nu ẹnu. "Bí ìyá mi bá ṣubú ńkọ́, tí kò sì dùn mí? Bí mo bá wò ó, tó kàn jọ ìkan nínú wọn?"

Mo ní kó fi omi ṣúgà sí búrẹ́dì rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn eérú kúrò ní ṣòkòtò.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sán. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n níwájú, kí ẹ̀yin jókòó lẹ́yìn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje

Oòrùn mú díẹ̀, kò sí atẹ́gùn. Bàbá Clarry fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ ewé wá, ó sun ún ní ẹnu ọ̀nà Màmá, bí a ti ń ṣe nítorí òkú, títí èéfín fi gba gbogbo yàrá. A ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Àwa mẹ́rin péré: Màmá lórí àga onítáyà rẹ̀, Bàbá Clarry nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi àti Shanelle lẹ́yìn. Shanelle ti gba àpótí náà lọ́wọ́ Bàbá Clarry, ó ti so ohùn inú téèpù mọ́ àwòrán láìfetí sí i.

Láìsí ohùn ọkùnrin yẹn, fíìmù náà di nǹkan míì. A gbọ́ eṣinṣin. A gbọ́ àwọn èèyàn wa tó ń kọjá lẹ́yìn, wọ́n ń bi ara wọn ní èdè wa pé ìgbà wo ni wọ́n máa fún wọn ní ìyẹ̀fun, pé Bàbá Pọ́líìṣì ti tún ń bó. Shanelle bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó yọ, pẹ̀lú ọmọ ní ìbàdí. Ó wo inú kámẹ́rà.

Bàbá Clarry ní, "Ha." Bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó na ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn, Màmá sì dì í mú.

Àwọn ẹlẹ́ṣin dé. Bí ẹṣin ṣe ń sún mọ́ omi ni Màmá ń sọ ọ́ sí ojú fíìmù, jẹ́jẹ́, ó ń sọ ọ́ léraléra: "Màmá, sá. Màmá, máa sá lọ." Ìbọn dún. Obìnrin náà gbé ọmọ sílẹ̀, ó ṣubú. Ọmọbìnrin náà dé, ó dà bò ó, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Lábẹ́ igbe yẹn ni a ti gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kò dún jù, ó ń sọ̀rọ̀ láìṣí ètè tán, kí òyìnbó má baà mọ̀:

"Myrtle. Myrtle, mi ò kú. Eré ni. Wo àyà mi, mo ń mí. Gbé àbúrò rẹ, oòrùn ń pa á. Gbé e, ọmọ mi. Mi ò kú."

Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà, ń ké lọ. Kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ tún un sọ látòkèdélẹ̀, ó sì tún un sọ, ohùn òyìnbó kan wá pariwo pé ó tó, gbogbo ẹ̀ sì dúdú.

Ìgbà tí mo máa gbọ́ ohùn, Màmá ni.

"Ó sọ fún mi. Ó ń sọ fún mi. Mo ń pariwo jù." Ó yíjú sí Bàbá Clarry, ẹkún ti bò ó lójú. "Ó ní kí n gbé ẹ, n ò gbé ẹ. Mo fi ẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, Clarry."

Bàbá Clarry, tó ń bẹ̀rù pé kò ní dun òun, ẹkún ti rin irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé orí lé orúnkún Màmá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá gbé mi?" ó ní. "Lẹ́yìn tó lọ. Ta ló gbé mi títí mo fi lè rìn?"

Màmá ń fọwọ́ pa á lórí.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Keje

Màmá ní kí n jókòó kí n kọ lẹ́tà sí Philippa kí òun tó lọ síbi ẹ̀rọ. Bàbá Clarry wà níbẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ṣíwọ́ rí, ó ní mi ò mọ tíì í sè.

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é. Ìdílé sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n fi ojú rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ní ibi omi yẹn, kí ọkùnrin olóhùn dídùn náà panu mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ohùn obìnrin náà jáde. Kí wọ́n má sì kọ ìtumọ̀ kankan sísàlẹ̀.

Mo ní, "Màmá, wọn ò ní mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n máa ṣì rò pé èpè ni. Philippa máa béèrè."

Bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ti ń fun fèrè níta. Bàbá Clarry gbá àga onítáyà mú, ó ń tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ní kó dúró.

"Sọ fún un pé kì í ṣe àwọn ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sì ti gbọ́."